Òǹkọ̀wé Níwájú Àwùjọ

Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣàkíyèsí ohun kan ní àwọn ibi tí a ti ń kó ìwé tuntun jáde ní ilẹ̀ wa, ohun náà sì ni pé gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ni í sọ̀rọ̀ nípa ìwé náà àfi ẹni tó kọ ọ́. Alága ọjọ́ náà yóò dìde, yóò kí àwọn ọba alayé, yóò kí àwọn ìjòyè, yóò kí ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà, yóò sì ròyìn bí òun àti bàbá òǹkọ̀wé ṣe jọ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan náà. Ẹni tí a ní kí ó yẹ ìwé náà wò yóò dìde tẹ̀ lé e, yóò ka ohun tó kọ sórí bébà láti òkè dé ìsàlẹ̀ láì gbójú sókè. Àwọn olówó yóò dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn yóò kéde iye tí wọ́n fẹ́ fi ra ẹ̀dà kan, àwọn onílù yóò sì máa fi orúkọ baba wọn dárà. Ìgbà tí oòrùn bá ti ń wọ̀, tí àwọn alásè ti ń gbé abọ́ ìrẹsì kiri, ni a óò tó rántí ẹni tó fi ọdún gbọọrọ jókòó ti tábìlì lóru nígbà tí ará ilé ń sùn. Òun náà yóò dìde, yóò ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, yóò gbàdúrà pé kí oníkálukú bá ilé ní àlàáfíà, yóò sì jókòó. Èrò yóò pàtẹ́wọ́, wọn yóò gbé ìwé náà relé, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní ṣí i láéláé, nítorí pé kò sí ẹni tó jẹ́ kí wọ́n gbọ́ bí ohùn inú rẹ̀ ti rí.

Bí a bá bi irú òǹkọ̀wé bẹ́ẹ̀ léèrè ìdí tí kò fi sọ̀rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò ní iṣẹ́ tòun ni kí òun kọ ọ́, òun sì ti kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu wà fún agbẹjọ́rò, ó wà fún oníwàásù, ó wà fún olóṣèlú àti fún ọkùnrin tí ń polówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí nínú ọkọ̀ èrò. Ìrẹ̀lẹ̀ wà nínú èsì náà, ṣùgbọ́n n kò gbà á wọlé. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ sísọ láwùjọ a máa mú ìwé tà, owó kì í sì í ṣe ohun tí òǹkọ̀wé ilẹ̀ wa ní lọ́pọ̀ yanturu tí yóò fi máa yínmú sí i. Síbẹ̀, nítorí ìwé kíkọ gan-an ni mo fi sọ pé kí òǹkọ̀wé kọ́ bí a ti ń dúró níwájú èrò, nítorí pé ojú ẹni tó kọ̀wé a máa ṣe ojúsàájú fún un, a máa fo àléébù, a máa fi èrò inú dí ibi tí ọ̀rọ̀ ti ya, ṣùgbọ́n etí ẹlòmíràn kò mọ̀ ọ́n rí, kò jẹ ẹ́ ní gbèsè, ohun tí ẹnu bá gbé jáde nìkan ni yóò sì fi ṣèdájọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú Àjàyí Crowther ṣe àpẹẹrẹ, Àjàyí ọmọ Òṣóògùn, ẹni tí ogun kó ní 1821, tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ní ọdún tó tẹ̀ lé e, tí wọ́n sì gbé lọ sí Sàró, níbi tí ó ti kàwé títí ó fi di ẹni àkọ́kọ́ tí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé ní ilé-ẹ̀kọ́ Fourah Bay ní 1827. Nígbà tí yóò fi di òpin 1843, ó ti tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde, wọ́n sì ti fi jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ẹnikẹ́ni bá wà láyé nígbà náà tí a lè pè ní ẹni tó mọ bí a ti ń kọ èdè wa sílẹ̀, òun ni. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìn-ín-ní 1844, ó dúró ní Freetown láti ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá fún àwọn ará ilé rẹ̀ tí òwò ẹrú ti gbé kúrò nílé bíi tirẹ̀, àwọn ẹ̀yà mìíràn sì wá wo ohun tí ojú kò rí rí. Ẹsẹ 35 nínú orí kìn-ín-ní ìwé Lúùkù, níbi tí áńgẹ́lì ti ń dá Màríà lóhùn, ni ó mú wàásù. Ohun tó kọ nípa ọjọ́ náà yà mí lẹ́nu ju gbogbo ohun tí mo ti kà nípa rẹ̀ lọ: ó ní bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè abínibí òun ni, tí òun sì gbọ́ ọ dáadáa, ó dà lójú òun pé ọmọ ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń fọhùn ni òun, nítorí pé iṣẹ́ náà, ibi tí òun dúró sí, àti àwọn ènìyàn tó wà níwájú òun, gbogbo rẹ̀ ló ṣàjèjì.

Kì í ṣe àìmọ̀ ló mú un sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti to ọ̀rọ̀ ilẹ̀ baba rẹ̀ jọ lẹ́sẹẹsẹ sínú ìwé, tó mọ ìtumọ̀ èyí, tó mọ ìtumọ̀ tọ̀hún, ni ó dé iwájú ènìyàn tí ó rí i pé ọ̀rọ̀ tó jókòó jẹ́ẹ́ nínú ìwé kì í jókòó jẹ́ẹ́ mọ́ bí ó bá di pé kí a wo ojú ìyá àgbà kan tí wọ́n ti tà rí kí a sì sọ ọ́ fún un: èwo ni yóò ṣáájú, níbo ni a óò ti mí, èwo ni Ọ̀yọ́ yóò gbọ́ tí Ẹ̀gbá yóò gbọ́ tí Ìjẹ̀ṣà náà kò ní béèrè pé kí ni ó wí? Nígbà tó sì gbàdúrà tán, àwọn ènìyàn náà dáhùn ní èdè wọn pé kí ó ṣẹ. Láti 1846 ni ó ti wà ní Abẹ́òkúta, tó ń wàásù lójúmọmọ tó sì ń túmọ̀ ìwé mímọ́ lọ́wọ́ kan náà. Ìwé Róòmù tó túmọ̀ jáde ní 1850, odindi Bíbélì Yorùbá sì jáde ní 1884. Àwọn onímọ̀ ti sọ oríṣiríṣi nípa ìdí tí èdè inú Bíbélì náà fi ṣe é gbé lẹ́nu títí di òní olónìí, ẹni tí kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rí pàápàá a sì máa fi sọ̀rọ̀. Èrò tèmi ni pé kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tí ẹnu àwọn èrò kò kọ́kọ́ tọ́ wò.

Kò ṣòro láti rí ọ̀nà tí ojú fi ń tàn wá. Ẹni tó ń kàwé ní àǹfààní tí olùgbọ́ kò ní: bí gbólóhùn bá lọ́ mọ́ ọn lójú, yóò padà sẹ́yìn; bí ó bá rẹ̀ ẹ́, yóò ṣẹ́ etí ewé, yóò lọ mu omi. Ká ní mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé, “Ọkùnrin tí obìnrin tí ìyá rẹ̀ kú ní ọjọ́ tí òjò ńlá rọ̀ fẹ́ ni ó ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà.” Kò sí òfin gírámà tí mo rú, ẹni tó bá sì fi ojú tọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì yóò mọ ẹni tó ni ilé. Ṣùgbọ́n kí a dìde nínú gbọ̀ngàn kí a sọ ọ́ sókè, kí a tó dé orí “fẹ́” àwọn èèyàn yóò ti máa wo ara wọn lójú, wọn kò ní mọ̀ bóyá ọkùnrin náà ló kú ni, tàbí ìyá, tàbí òjò ló wó ilé. Ẹnu fúnra rẹ̀ yóò tún un ṣe bí a bá gbà á láyè: “Ọjọ́ tí òjò ńlá rọ̀ nì, ọjọ́ náà ni ìyá obìnrin kan kú. Ọkọ obìnrin yìí ló ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà.” Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gígùn gbólóhùn ni mo ń bá jà (èmi fúnra mi fẹ́ràn gbólóhùn gígùn, bí ẹ ti ń rí i), gbólóhùn tí kò ní ibi tí a ti lè mí ni mo ń bá jà, èyí tó kó gbogbo ẹrù rẹ̀ sí àárín tí kò sì jẹ́ kí olùgbọ́ mọ ẹni tó ń ṣe kí ni títí èémí fi tán.

Ti àmì ohùn tún wà níbẹ̀. A mọ̀ bí èdè wa ti rí; bí ohùn bá yẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di òmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni a ń kọ̀wé láì fi àmì sórí ọ̀rọ̀, tí a ní òǹkàwé yóò ti fi òye gbé e. Mo ti rí òǹkọ̀wé tó ń ka iṣẹ́ ara rẹ̀ tí kò fi àmì sí, tó dé àárín ìlà kan tí ó dúró gbọn-in, tó ń wá ohùn tó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà tó ń kọ ọ́, tí kò sì rí i mọ́. Àwa tó wà níjókòó náà ń bá a wá a. Láti ìgbà náà ni n kò ti bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́ lórí bóyá àmì ohùn ṣe pàtàkì.

Ilé-iṣẹ́ rédíò ni mo mọ̀ tí ń fi ẹ̀kọ́ yìí kọ́ni kíákíá. Chinua Achebe wọ ilé-iṣẹ́ rédíò Nàìjíríà ní Èkó ní 1954, ẹ̀ka tí ń bójú tó àsọyé ni wọ́n fi í sí, ohun tí wọ́n kọ fún ẹnu àti etí ni ó sì ń bá yí lójoojúmọ́. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní 1958, ni ìwé ìtàn rẹ̀, Things Fall Apart, jáde, ẹni tó bá sì kà á sókè yóò rí i pé kò sí ibi tí àwọn àgbà Umuofia, ìlú inú ìtàn náà, ti ń sọ̀rọ̀ tí ó há sí ni lẹ́nu. Iṣẹ́ rédíò náà ló gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1956 fún ẹ̀kọ́ ní BBC, níbẹ̀ ni ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ sì ti bọ́ sí ọwọ́ Gilbert Phelps, òǹkọ̀wé kan tó wà níbẹ̀, tó rí i pé ohun ribiribi ni. Lọ́dọ̀ tiwa, Adébáyọ̀ Fálétí, akéwì àti òǹkọ̀wé eré, ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959. Ẹni tó bá sì ti gbọ́ ewì Lánrewájú Adépọ̀jù lórí asọ̀rọ̀mágbèsì tàbí lórí àwo yóò jẹ́rìí pé ọ̀pọ̀ ẹni tí kò mọ ìwé kà ló mọ iṣẹ́ rẹ̀ sórí. Mélòó nínú àwa tí a ní ìwé lórí pẹpẹ ni a lè sọ bẹ́ẹ̀?

Ó yẹ kí èyí rọrùn fún wa, nítorí pé ìwé kíkọ kò tíì pẹ́ púpọ̀ lọ́dọ̀ wa, nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹnu ti gbó. Oníjàálá kì í ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ki erin. Yóò kọ́kọ́ júbà, yóò júbà àwọn àgbà, yóò júbà àwọn tó ti sun ìjálá ṣáájú rẹ̀. Àwọn kan rò pé ẹ̀rù àgbà nìkan ló ń mú un ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fetí sílẹ̀ dáadáa yóò rí i pé ibẹ̀ ni ohùn oníjàálá ti ń wá ipò tí yóò dúró sí, ibẹ̀ ni àyà rẹ̀ ti ń rọlẹ̀, ibẹ̀ náà ni àwọn tí ń pariwo lẹ́yìn agbo ti ń dákẹ́. Apàlọ́ náà kì í pa àlọ́ fún ẹni tó ti sùn: yóò ké “Ààlọ́ o!”, bí “Ààlọ̀!” bá sì dún fẹ́ẹ́rẹ́, yóò tún un ké, àlọ́ àpamọ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi ta ọpọlọ àwọn ọmọ jí kí àlọ́ àpagbè tó dé, orin tó wà láàárín ìtàn sì wà níbẹ̀ kí ẹnu àwọn tí ń gbọ́ má baà dákẹ́ pẹ́ títí. D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, mọ gbogbo èyí. Nígbà tí ó kọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938, kò jẹ́ kí òǹkọ̀wé inú ìwé náà jókòó kí ó máa dá ìtàn rò; ó mú kí Àkàrà-Oògùn wá bá a, kí ó ní kí ó gbé gègé àti ìwé, kí ó sì máa fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn, títí tí àwọn aládùúgbò fi gbọ́ tí wọ́n sì péjọ láti gbọ́ ìyókù. Òǹkọ̀wé tó fi àwùjọ sínú ìwé rẹ̀ báyìí kò lè kọ ọ̀rọ̀ tí àwùjọ kò ní lè gbọ́.

Ẹni tó fi ara jìn fún iṣẹ́ yìí ju gbogbo òǹkọ̀wé tí mo mọ̀ lọ kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Charles Dickens, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí a bí ní 1812, ti di gbajúgbajà kí ó tó dúró ka ìwé rẹ̀ fún èrò. Ní ìparí oṣù kejìlá 1853 ó ka A Christmas Carol ní Birmingham láti fi kówó jọ fún ilé-ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n fẹ́ dá sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì ní kí wọ́n ya alẹ́ kan sọ́tọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ ọwọ́, kí owó ìwọlé wọn sì jẹ́ owó pọ́ọ́kú. Nígbà àkọ́kọ́ tí ó kà á, ó gbà tó wákàtí mẹ́ta, ohun tí kò sí àwùjọ tí ó yẹ kí a máa fi dán wò léraléra. Láti 1858 ni ó ti sọ ọ́ di iṣẹ́ tó ń gbowó lé, ọ̀nà tó gbà ṣe é sì ni mo fẹ́ kí àwọn òǹkọ̀wé wa fi ojú sí. Ó mú ojú ewé ìwé tí wọ́n ti tẹ̀, ó mú kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé tó fẹ̀ jù ú lọ kí etí rẹ̀ lè gbòòrò. Ó fi yíǹkì pa gbogbo ohun tí ojú fẹ́ràn tí etí kò ní sùúrù fún rẹ́, ó fa ìlà sí abẹ́ ọ̀rọ̀ tí yóò tẹnu mọ́, ó sì kọ ìkìlọ̀ ṣókí-ṣókí fún ara rẹ̀ sí etí ìwé, nípa ohùn tí yóò lò àti bí ojú rẹ̀ yóò ti rí. Ìwé tí gbogbo ayé ti ń yìn, tó ti tà káàkiri, òun tó kọ ọ́ ni ó tún fi ọ̀bẹ gé e. Lẹ́yìn èyí ni yóò wá máa fi dánra wò nínú yàrá rẹ̀ títí yóò fi mọ ọ́n sórí, tí ìwé ọwọ́ rẹ̀ yóò fi di ohun tí ó kàn mú dání lásán. Tí ó bá dé gbọ̀ngàn, tábìlì ìkàwé kékeré kan ni yóò dúró tì, aṣọ tí a nà sẹ́yìn rẹ̀ àti iná gáàsì tí a tàn sí òkè orí rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹni tó wà ní ìjókòó olówó kékeré pàápàá pàdánù ìrísí ojú rẹ̀. Ohùn arúgbó, ohùn ọmọdé, ohùn ahun, yóò yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti oṣù kejìlá 1867 sí oṣù kẹrin 1868, ó kàwé nígbà 76 ní Amẹ́ríkà, owó tó kó bọ̀ sì tó nǹkan bíi 19,000 pọ́n-ùn, owó ńlá gbáà ní ayé ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n àwùjọ, ẹlẹ́gbẹ̀rún ojú, ẹlẹ́gbẹ̀rún etí, afúnni-lókìkí-gbani-lókun, kò fún un ní gbogbo èyí lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tó yá ó fi ìtàn ikú Nancy, láti inú Oliver Twist, kún ohun tó ń kà. Oníṣègùn rẹ̀ a sì máa wọn bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń lù lẹ́yìn tó bá kà á tán. Ní oṣù kẹrin 1869 ó ṣubú lulẹ̀ ní Preston, àwọn oníṣègùn ní kí ó dáwọ́ dúró. Ó kàwé kẹ́yìn ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta 1870, ó sì kú ní oṣù kẹfà ọdún kan náà. Ìtàn gígùn tó kọ parí kẹ́yìn ti jáde láti 1865. N kò sọ pé àwùjọ ló pa á, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń gba ìpè sí gbogbo gbọ̀ngàn tó ń pè é, ó yẹ kí ó máa bi ara rẹ̀ léèrè pé ìgbà wo ni òun kọ̀wé kẹ́yìn.

Báwo ni ẹni tí kò dúró níwájú èrò rí yóò ti bẹ̀rẹ̀? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ó mú apá kúkúrú nínú iṣẹ́ rẹ̀, èyí tí ìjà tàbí àríyànjiyàn wà nínú rẹ̀, kí ó fi ibi tó ti ń júwe òkè àti odò sílẹ̀ fún àwọn tí yóò ra ìwé. Kí ó dà á kọ ní lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà, kí ó fi àyè sílẹ̀ láàárín ìlà, kí ó fi pẹ́ńsùlù sàmì sí gbogbo ibi tí yóò ti mí. Kí ó dìde dúró kà á fún ìyàwó tàbí ọkọ, fún àwọn ọmọ, fún ọ̀rẹ́ tí kì í tijú láti sọ òótọ́. Ibi tí ahọ́n bá ti kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kì í ṣe ahọ́n ló jẹ̀bi níbẹ̀, kí ó tún gbólóhùn náà kọ. Bébà ẹlẹ́yọ kan a máa gbọ̀n lọ́wọ́ ẹni tí ẹ̀rù ń bà, gbogbo èrò a sì rí i. Nítorí náà ìwé tí a ti dì ni kí ó mú dání. Àwọn olórin wa a máa rún orógbó lẹ́nu kí ohùn wọn tó jáde. Ẹni tí orógbó bá korò jù fún lè mu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́.

Bí ó bá dé orí pèpéle, kí ó kí àwọn tó yẹ ní kíkí, nítorí pé ẹni tó bá fo ọba tàbí ìyá àgbà tó wà níwájú dá, kò sí ẹwà ọ̀rọ̀ tí yóò fi rí ojúure wọn mọ́. Ṣùgbọ́n kí ìkíni náà má gba ìṣẹ́jú tí ìtàn ìbá gbà. Ojú lọ̀rọ̀ wà: kí ó wo ènìyàn kan ní ìhà ọ̀tún, kí ó sọ gbólóhùn kan fún un tán, kí ó tó yí sí òsì. Kí ó má ṣe gbé ẹnu mọ́ gbohùngbohùn, bẹ́ẹ̀ ni kí ó má béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wà lẹ́yìn pé ṣé wọ́n ń gbọ́ òun, nítorí pé àwọn tí kò gbọ́ kò ní gbọ́ ìbéèrè náà. Kí ó fa ọ̀rọ̀ díẹ̀ ju bí ó ti ń fà á nílé lọ. Ìdákẹ́ kò burú; àwọn onísọ̀rọ̀ tuntun ni ẹ̀rù ìdákẹ́ ń bà, wọn a sì máa fi “ẹ ẹ ẹ” dí i.

Àwọn kan yóò ní ìbẹ̀rù wà lára àwọn láti kékeré, òmíràn yóò ní òun ń kólòlò. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Mo sì ti ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ akólòlò ni ahọ́n wọn máa ń tú bí wọ́n bá ń ka ohun tí wọ́n mọ̀ dunjú, pàápàá tí ó bá ní ìlù nínú. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò rẹ̀ kò ṣìnà, nítorí pé àwọn ọmọdé kì í fi ọ̀wọ̀ tan òǹkọ̀wé: bí ọ̀rọ̀ kò bá dùn, wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ janlẹ̀.

Àǹfààní kan ṣẹ́kù tí mo rò pé ó ga ju èyí tí mo ti sọ lọ, òun ni pé ọ̀rọ̀ tí a sọ fún èrò lè padà di ìwé. Achebe ló dìde ní yunifásítì kan ní Amherst, ní Massachusetts, ní ọjọ́ 18 oṣù kejì 1975, tó sọ lójú gbogbo ayé ohun tó rí nínú ìwé Joseph Conrad nípa ilẹ̀ Áfíríkà. Àsọyé náà wọ ìwé ní 1977, a kò sì lè ka Conrad mọ́ láì gbọ́ ohùn rẹ̀ létí. Wọlé Ṣóyinká náà, nígbà tí wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1986, ó lo orí pèpéle náà láti kọjú ọ̀rọ̀ sí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà South Africa, ó sì fi àsọyé náà sọrí Nelson Mandela, tó wà ní ẹ̀wọ̀n. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa ní eegun tí àròkọ inú yàrá kì í sábà ní, nítorí pé ẹni tó ń kọ ọ́ mọ̀ pé ẹni tí òun ń bá wí lè jókòó síwájú òun.

Lẹ́yìn àsọyé ni ìbéèrè, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ti máa ń sá. Àgbà kan yóò dìde, yóò ní ìbéèrè kan péré ni òun ní, yóò sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìdílé rẹ̀ láti orí baba ńlá; kí òǹkọ̀wé fi sùúrù gbọ́ ọ, kí ó ní, “Ẹ ṣeun, bàbá, a dúpẹ́, ẹ̀mí yín yóò gùn,” kí ó sì yí sí ẹlòmíràn. Òmíràn yóò bínú pé kí ló dé tí wọ́n fi pa ọmọbìnrin inú ìtàn náà. Ìbínú bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ ju pé kí a jẹ́ kí ó tán nínú ẹni náà. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan lè na ọwọ́ sókè lẹ́yìn, kí ó béèrè ibi tí àbúrò ọ̀gá ọdẹ wọlé sí lẹ́yìn orí kẹta, kí òǹkọ̀wé sì ṣàdédé rántí pé òun kò mú un jáde mọ́. Kí ó má ṣe parọ́ fún ọmọ náà. Kí ó kọ ìbéèrè náà sí etí ẹ̀dà ọwọ́ rẹ̀, kí ó kọ orúkọ ìlú tí wọ́n ti bi í sí abẹ́ rẹ̀. Bí ìbéèrè kan náà bá tún yọjú ní ìlú mìíràn, ojú ewé yẹn ni kí ó kọ́kọ́ tún kọ kí ìwé tó padà sí ilé ìtẹ̀wé.